Gíláàsì Iwájú Mọ́tò Mi àti Àgbà Àdúgbò Wa

Ní àdúgbò tí mo kọ́kọ́ gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lè kí ènìyàn mẹ́wàá láàárọ̀ kí ẹyọ ẹnì kan má dá mi lóhùn. Èmi tí wọ́n bí sí Inísà, tí mo ń lọ sílé ìwé n'Íkìrun, tó jẹ́ pé kí n tó rìn láti ilé wa dé ìdí ọkọ̀, mo ti kúnlẹ̀ bí ìgbà méje! Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́? Kí n tó dé ilé ìwé, ẹnu á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ṣùgbọ́n níbí, mo kí obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ lọ, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ajá yẹn ló tilẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ dáhùn.

Bàbá Walter nìkan ló dá mi lóhùn. Ilé tiwọn àti tèmi jọ pín ògiri kan ni. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo sì ń gbé ní Ọsirélíà. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ní àárọ̀ kan tí mo kí wọn, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ní, "Káàárọ̀, aládùúgbò mi. Níbo lo ti wá?"

Mo ní Inísà. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ó wà lẹ́bàá Òkukù. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo wá ní Ìkìrun. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti lọ wo máàpù ní ilé ìkàwé ìlú.

"Mo rí Ìkìrun!" ni wọ́n wí, inú wọn ń dùn bí ẹni tó rí owó he. "Rélùwéè gba ibẹ̀ kọjá! Ṣé ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró níbẹ̀?"

"Ó ń dúró, sà, nígbà tó bá wù ú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Walter. Walter báwo? Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Mo ń pè wọ́n ní Bàbá Walter, àwọn náà sì rò pé apá kan orúkọ ni Bàbá jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, mo ní ẹnì kan ní àdúgbò yẹn tó mọ ibi tí mo ti wá.

Iṣẹ́ tí mo rí ni pé kí n máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn: kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, kí n sì kọjá sí ilé tó kàn. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Lọ́dọ̀ wa, bí ìyá àgbà bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ọmọ mẹ́ta ló máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, owó ni wọ́n ń san fún ará Inísà kó wá bu omi fún ìyá àgbà. Mo fẹ́ràn àwọn arúgbó mi, ṣùgbọ́n tí mo bá padà délé nírọ̀lẹ́, ilé á dákẹ́ débi pé ohùn fìríìjì nìkan ni mo máa ń gbọ́. Mo máa ń ṣe bí ẹni fẹ́ da ìdọ̀tí nù, kí n lè jáde lọ wò bóyá Bàbá Walter wà nínú ọgbà wọn. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ òjò, a ó sọ̀rọ̀ rélùwéè, oúnjẹ mi á sì dùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ yẹn kò ṣeé ṣe láìní mọ́tò. Mo ra ògbólógbòó kan, pupa, kékeré, tó máa ń wúkọ́ láràárọ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wà á láìní ìnṣọ́ránsì, ni mo bá lọ sí ọ́fíìsì kan nínú ìlú. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ń jẹ́ Sandra, ó kun èékánná rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó bi mí pé ṣé kí òun fi gíláàsì mọ́ ọn. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó rò pé ọwọ́ mi ò tó o. Mo ní kó fi sí i.

Ní tèmi, ìwé tí a fi ń han ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ni ìnṣọ́ránsì. Awakọ̀ ni bàbá mi. Ìkìrun sí Inísà sí Òkukù ni wọ́n ń ná. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tírélà kan ta òkúta sí gíláàsì iwájú mọ́tò wọn lọ́nà Òkukù, ó fọ́ yángá. Bàbá mi kó gbogbo pátíkúlásì wọn, ó di ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì l'Óṣogbo. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ará ọ́fíìsì náà fún wọn ní kàlẹ́ńdà. Bàbá mi gbé e kọ́ sí pálọ̀, wọ́n ní gíláàsì mọ́tò àwọn nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ.

Ẹ wá wò ó. Ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mo jókòó sínú mọ́tò, mo fẹ́ lọ ra ata. Bàbá Walter ń ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko lọ, wọ́n ń tì í bọ̀. Mo kàn gbọ́ gbàá! Òkúta kékeré kan fò láti abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó bá gíláàsì níwájú mi gan-an, gíláàsì là. Bàbá Walter kò gbọ́ nǹkan kan, torí ariwo ẹ̀rọ yẹn ju ti ẹ̀rọ ìlọta lọ. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ padà, mo tún fi ẹ̀rín kún un.

Kí ni kí n ṣe? Àgbà ló ṣe é. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìwọ lo máa sọ pé kò dùn ọ́. Tí mo bá sọ fún wọn, ojú á tì wọ́n. Tí mo bá sì lọ sí ìnṣọ́ránsì, wọ́n á ní kí n kọ orúkọ ẹni tó fọ́ ọ, kí ọjọ́ tó kanrí, ọlọ́pàá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Walter. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Iṣẹ́ mìíràn wà tí mo lè rí, mọ́tò mìíràn náà wà, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ló ń kí mi ní gbogbo àdúgbò yẹn. Mi ò lè fi í ṣòfò nítorí gíláàsì.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan sí i. Mo mú ìró àǹkárá kan tí ìyá mi dì fún mi láti ilé, nígbàkígbà tí mo bá ti gúnlẹ̀, màá tẹ́ ẹ bo gíláàsì náà, màá sì fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀.

"Kí ni aṣọ yẹn wà fún?" ni Bàbá Walter bi mí.

"Oòrùn ni, sà. Kó má ba mọ́tò jẹ́."

Wọ́n wo ojú ọ̀run tó dúdú bíi ìdí ìkòkò. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí, "oòrùn ibí yìí le."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà tó wà lára gíláàsì náà ń gùn sí i, ó ń ya ẹ̀ka. Mo wá ń wakọ̀ pẹ̀lú ọrùn wíwọ́ kí n lè rí iwájú. Ní ọjọ́ Fúráìdé kan, Mìsíìsì Hill, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, rí mọ́tò náà. Obìnrin dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí ó bá fi máa di Ọjọ́rú tí gíláàsì yẹn bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, òun á gba àwọn arúgbó mi lọ́wọ́ mi, òun á kó wọn fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì mo pe bàbá mi. Onílé oògùn kan ló ní fóònù n'Íkìrun. Ní aago méjì ọ̀sán gbogbo Sátidé, bàbá mi á ti wá jókòó síbẹ̀, wọ́n á ti wọ agbádá wọn sọ́rùn, nítorí wọ́n ní èèyàn kì í fi aṣọ iṣẹ́ bá ìlú òyìnbó sọ̀rọ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ìnṣọ́ránsì?" Ohùn wọn ta. "Kàlẹ́ńdà ni wọ́n máa fún ọ!"

"Ẹ̀yin Bàbá, iṣẹ́ ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi yìí o."

"Mo gbọ́. Lọ, kó o lọ gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ dárúkọ àgbà sínú ìwé o! Ẹni tó ń kí ọ nílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́, ẹbí ni."

Mi ò tíì lọ gbìyànjú tí atẹ́gùn fi tú mi fó. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo rí Bàbá Walter níwájú mọ́tò mi. Àǹkárá mi tí atẹ́gùn gbé ṣubú wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti ká a dáadáa. Wọ́n ń wo gíláàsì.

"Kí ló ṣe é?"

Ahọ́n mi sáré ju ọpọlọ mi lọ. "Ẹyẹ ni, sà."

"Irú ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ ńlá kan báyìí."

Wọ́n na ọwọ́ sí ìdí wáípà, wọ́n yọ òkúta kékeré kan. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló yí gbogbo ẹ̀bá koríko wọn ká. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ẹyẹ yìí," ni wọ́n wí, "ọgbà mi ló ti fò wá. Láti ìgbà wo?"

Mo sọ òótọ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Àràárọ̀ ni mò ń juwọ́ sí ọ, o sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣé irú èèyàn tó máa fọ́ nǹkan ẹnì kejì kó sì sá lo pè mí? Mo rò pé ìwọ lẹni tó ń bá mi sọ òótọ́ ní àdúgbò yìí."

Wọ́n kó àǹkárá lé mi lọ́wọ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kí wọ́n gbá a. Mo wọ inú ilé tèmi, mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mò ń sá fún gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi fà wálé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá Sandra. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀marùn-ún bíi ti bàbá mi. Mo kó pátíkúlásì dání, mo kó ẹ̀bẹ̀ dání, mo wo ilẹ̀ ọ́fíìsì náà bóyá á ṣeé kúnlẹ̀ sí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì mọ́tò mi ló là. Òkúta ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní lè dárúkọ ẹni tó ni òkúta."

Sandra gbé ojú sókè. "Mi ò bi ọ́ ní orúkọ ẹnì kankan. Ṣé gíláàsì nìkan ni?"

"Gíláàsì nìkan ni."

"O san owó gíláàsì mọ́ ìnṣọ́ránsì rẹ. A ó bá ọ pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé wàá wà nílé lọ́la?"

"Ṣé wọn ò ní mú ẹni tó ni òkúta lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Nítorí òkúta?"

"Ṣé ẹnì kankan ò ní san owó?"

"Kò sí ẹnì kankan."

Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún dáhùn. Bí mo ṣe jáde, mo dúró sẹ́bàá títì, mo fi ara mi ṣẹ̀sín. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń tẹ́ aṣọ, tí mo ń wọ́ ọrùn, tí mo ń dá oòrùn tí kò sí lẹ́bi! Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá ti gbà mí.

Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ wá, ó ní òun wá fi gíláàsì sí i níwájú ilé mi níbẹ̀. Mo gbé àga jáde, mo jókòó tì í gbágbá. Ẹni tó bá dàgbà sílé awakọ̀ mọ̀ pé a kì í fi mọ́tò sílẹ̀ fún mẹkáníìkì nìkan. Ó lè yọ tuntun, kó fi ògbólógbòó rọ́pò. Ọkùnrin náà rò pé mo wá bá òun ṣeré ni, ó ń sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ fún mi. Nígbà tó ṣe tán, mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún un. Ata mú un, imú rẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bèèrè bóyá ó kù. Gíláàsì náà mọ́ gaara. Mo rí i tí kọ́tìnì Bàbá Walter ṣí díẹ̀, ó sì padà.

Iṣẹ́ mi dúró. Mìsíìsì Hill wo gíláàsì, ó mi orí, ó kọjá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Fúráìdé, mo ń kí Bàbá Walter, wọ́n ń mi orí nìkan. Wọn ò juwọ́.

Ní Sátidé, mo pe bàbá mi. Nígbà tí mo sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, bàbá mi gbé fóònù kúrò létí. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí wọ́n ń pariwo fún onílé oògùn àti gbogbo ẹni tó wá ra oògùn ikọ́: "Ẹ gbà mí o! Wọ́n bá a fi gíláàsì tuntun sí i! Nílé ni wọ́n wá bá a!" Wọ́n padà sórí fóònù. "Ó dáa. Ṣé o ti lọ dúpẹ́?"

"Lọ́wọ́ ta ni, Bàbá?"

"Lọ́wọ́ àwọn ìnṣọ́ránsì ni!"

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, sà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe."

"Àwọn ti Óṣogbo ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tiwọn kọ́ ni? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. O máa lọ. O ò sì ní dá lọ. Ọmọdé kì í dá lọ dúpẹ́. Wá àgbà kan kó sìn ọ́."

Fóònù já. Mo jókòó, mo ń ka àwọn àgbà mi lọ́kàn. Ní Inísà, tí mo bá fọn fèrè, àgbà mẹ́wàá á jáde, méjì á tún máa jà lórí ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Níbí, àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ kò lè rìn. Mìsíìsì Hill á wo aago. Mo wá rí i pé ohun tó ń jẹ́ àjèjì gan-an kì í ṣe òtútù, kì í ṣe èdè. Àjèjì lẹni tí kò ní àgbà tó máa sìn ín lọ síbì kan.

Mo jáde, mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Walter. Bí wọ́n ṣe ṣí i, mo kúnlẹ̀ sórí koríko wọn.

"Dìde," ni wọ́n wí, ẹ̀rù bà wọ́n. "Ilẹ̀ tutù. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ẹ má bínú, Bàbá Walter. Mo parọ́ fún yín. Lọ́dọ̀ wa a kì í fẹ́ kí ojú ti àgbà."

"Lọ́dọ̀ tiwa," ni wọ́n wí, "a máa ń sọ ọ́ fún un, kó lè ní ibi tó máa gbé tọrọ àforíjì. O ò fún mi láyè yẹn." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbé mi dìde. "Mo tọrọ àforíjì nítorí gíláàsì rẹ."

Mo wá sọ ohun tí bàbá mi ní kí n ṣe. Mo ní mi ò ní àgbà kankan nílùú yìí, àfi àwọn, tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sì dọ̀tí.

"Kí ni àgbà máa ń sọ?"

"Ẹ kàn máa dúpẹ́ ni, sà."

"Ṣé mo máa wọ táì?"

Ní Mọ́ńdè, táì wà lọ́rùn wọn, bàtà wọn ń dán, irun wọn ti yà sí méjì. Mo wọ ìró àti bùbá, mo gbé páálí bísíkíìtì kan dání. Bí Sandra ṣe rí wa, ojú rẹ̀ yí padà. Kí n tó la ẹnu, ó ti sáré wọlé lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà jáde pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ ẹ̀sùn lọ́wọ́.

"Ṣé gíláàsì náà ní ìṣòro ni?"

Bàbá Walter tún táì wọn ṣe. "Kò ní ìṣòro kankan. Níbi tí ọmọbìnrin yìí ti wá, tí èèyàn bá ṣe ọ́ dáadáa, wàá wá sọ fún un lójú, wàá sì mú àgbà rẹ dání. Bàbá rẹ̀ wà n'Íkìrun, ọ̀nà jìn. Nítorí náà, èmi ni mo wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ọ̀gá wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa fi í sí. Sandra gba bísíkíìtì. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń jókòó níbẹ̀, ẹni tó wá láti dúpẹ́ kò tíì wá rí.

Lójú ọ̀nà, Bàbá Walter bi mí pé ṣé àwọn ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ní ó yẹ wọ́n gan-an, ó kù díẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ wa, tí ọjọ́ kejì bá mọ́, a tún máa ń lọ bá ẹni tó ṣe wá lóore, a ó tún kí i, "Ẹ ṣeun àná." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n ń kà á lábẹ́ ahọ́n títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń wá bàtà iṣẹ́ mi nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Bàbá Walter ni, wọ́n tún de táì, wọ́n di fìlà mú láyà. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ná, ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi àwọn ṣe àgbà gbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣeun àná," ni wọ́n sọ fún mi, ní Yorùbá.